Igbá Májèlé Wà Lọ́wọ́ Rẹ

Ọmọkùnrin kan wá bá mi nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì tó kọjá ní Marina ní Àgbádárìgì, níbi tí mo máa ń gbé àga mi sí létí ọ̀sà kí atẹ́gùn lè fẹ́ sí mi. Ó dọ̀bálẹ̀, ó kí mi bó ṣe yẹ, mi ò rí àléébù níbẹ̀. Ó jókòó sílẹ̀, ó ń wo òdìkejì omi lọ́gangan Gbẹ̀rẹ̀fù, ó wá ní, "Bàbá, kànga tí wọ́n ń fi han àwọn àlejò lójú ọ̀nà òkun yẹn, ṣé omi ṣì wà nínú ẹ̀? Ó wù mí kí n lọ mu níbẹ̀, kí n gbàgbé gbogbo nǹkan."

Mo ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ.

Ká ní apá mi ṣì le bíi ti àtijọ́ ni, ìgbátí ni ǹ bá fi dá a lóhùn. Ṣùgbọ́n ogbó ti dé, bíírò ló kù lọ́wọ́ mi, òun náà ni mo fi ń na ọmọ ọlọ́mọ báyìí. Òun nìkan kọ́ ni mo ń bá wí. Irú rẹ̀ pọ̀ ní Ajara, ó pọ̀ ní Ìkẹjà, wọ́n ní ó pọ̀ ní London pàápàá. Kí ẹni tí ọ̀rọ̀ bá bá fara balẹ̀ gba tirẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ kò tíì dé Àgbádárìgì, tí ẹ bá wọ ọkọ̀ ojú omi ní Marina tí ẹ sọdá ọ̀sà, Gbẹ̀rẹ̀fù lẹ ó gúnlẹ̀ sí. Ẹ ó wá fẹsẹ̀ rìn nínú yanrìn, láàárín igi àgbọn, títí ẹ ó fi máa gbọ́ ohùn òkun níwájú. Ọ̀nà tí wọ́n fi ń kó ẹrú lọ sínú ọkọ̀ nìyẹn, ọ̀nà tí ẹni tó bá gbà á kì í padà wá mọ́. Ojú ọ̀nà yẹn ni kànga náà wà. Àwọn tó ń mú àlejò rìn máa ń sọ pé wọ́n ti fi oògùn sí i, pé wọ́n á mú kí àwọn ẹrú mu níbẹ̀ kí wọ́n lè gbàgbé ilé, kí wọ́n gbàgbé orúkọ, kí ara wọn lè rọ̀ wọ̀ọ̀ títí ọkọ̀ á fi gbé wọn. Bóyá omi yẹn ṣiṣẹ́ o, bóyá kò ṣiṣẹ́ o, èmi kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Ohun tí mo mọ̀ ni pé àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n kó dé Bràsíìlì àti Kúbà kò gbàgbé Ṣàngó, wọn kò gbàgbé Yemọja.

Wọ́n fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí àwọn yẹn lọ́rùn, wọ́n ní kí wọ́n gbàgbé, wọ́n kọ̀. Ìwọ tí ẹnikẹ́ni kò dè, tí o jẹ ẹ̀bà yó kí o tó jáde nílé, ìwọ lò ń bẹ̀bẹ̀ fún omi ìgbàgbé? Ojú tì mí fún ọ.

Mo bi í pé kí ló ṣẹlẹ̀. Ó yọ fóònù jáde. Láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun ló ti kọ̀wé sí ọ̀gá rẹ̀ lórí WhatsApp pé òun ti parí iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún òun. Ọ̀gá náà dáhùn. Ohun tó kọ kò ju "Ok" lọ. Ọmọ yìí ti fi ọjọ́ mẹ́ta wo lẹ́tà méjèèjì. Kí ló dé tí ọ̀gá kò dúpẹ́? Àbí iṣẹ́ náà kò dáa ni? Ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ọ̀gá kan náà kọ "Ok, well done" sí ẹlòmíì. Ó wá dá a lójú pé wọ́n fẹ́ dá òun dúró. Bí wọ́n bá sì dá òun dúró, ẹ̀bi òun ni, nítorí olódo ni òun, òun ò sì mọ nǹkan ṣe láti kékeré. Ó rántí ìdánwò kan tó fìdí rẹmi ní kíláàsì kẹrin. Láti inú "Ok," ó ti rìn padà dé ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, kò sì wọ ọkọ̀.

Mo gba fóònù náà, mo wọ jígí mi. Mo wò ó. O, k. Mo yí fóònù sẹ́yìn, mo tún wo ibẹ̀. Mi ò rí nǹkan kan tí wọ́n kọ pa mọ́ síbẹ̀.

Jẹ́ kí n sọ ti ẹni tó mu májèlé ní ìlú yìí ní ti gidi fún ọ. Richard Lander lorúkọ rẹ̀, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìránṣẹ́ arìnrìn-àjò òyìnbó kan tó ń jẹ́ Clapperton. Ní oṣù kẹrin ọdún 1827, ọ̀gá rẹ̀ kú mọ́ ọn lọ́wọ́ ní Sókótó, òun ló sin ín. Ó wá kọjú sí ọ̀nà jíjìn náà padà, ó dé Àgbádárìgì ní oṣù kọkànlá ọdún yẹn. Ọmọ ọdún 23 ni. Ìwọ tó wá bá mi ní Marina fi ọdún mẹ́rin jù ú lọ.

Adélé ló ń jọba níbí nígbà náà, Ọba Èkó tí wọ́n ti lé kúrò lórí ìtẹ́. Àwọn Potogí tó ń ṣòwò ẹrú kò fẹ́ kí ojú ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kankan tó òwò wọn, ni wọ́n bá tọ ọba lọ, wọ́n ní amí ni ọmọ yìí. Wọ́n ránṣẹ́ pè é. Wọ́n gbé májèlé fún un, omi tí wọ́n fi èèpo igi olóró ṣe. Ìdájọ́ ayé ìgbà yẹn kò lọ́jú pọ̀: bí o bá mu ún tí o kú, o jẹ̀bi, bí o bá mu ún tí o kò kú, ẹ̀sùn tán. Lander gbé e, ó mu ún. Kò dúró máa wo ojú àwọn tó ń wo òun. Ó jáde, ó lọ tààrà sí ibi tó wọ̀ sí, ó lo ohun tó ń múni bì, ó bì í dànù. Kò kú. Wọ́n ní kò jẹ̀bi, ọba pàápàá wá ń fi ojú ire wò ó.

Mi ò sọ ìtàn yìí kí o lè máa yin òyìnbó. A mọ ohun tí àwọn tó tẹ̀lé e wá ṣe. Ilé ẹjọ́ rẹ ni mo ń bọ̀ wá bá.

Nínú ilé ẹjọ́ tí o ń pè lálaalẹ́ lórí bẹ́ẹ̀dì rẹ, ìwọ ni ọba. Ìwọ náà ni Potogí tó ń ṣòfófó. Ìwọ lo lọ họ èèpo igi náà nínú igbó, ìwọ lo gún un, ìwọ lo rẹ ẹ́ sómi, ìwọ lo tún dúró síbẹ̀ tí o ń mu ún gbùgbù. Kò sí ẹlẹ́rìí kan tó wá gbè ọ́. Lander pàápàá mu tirẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó sì mọ ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn án. Ìwọ, bí o bá mu tòní tí o yè é, o ti ń gún ti ọ̀la.

Ṣé o mọ ohun tí ó bí mi nínú jù? O ń pè é ní ìrẹ̀lẹ̀. O ní o kò fẹ́ gbéra ga. Ìgbéraga wo ló ju pé kí o rò pé gbogbo ìlú jí ní òwúrọ̀, ọ̀rọ̀ tìrẹ ni wọ́n jí sí? Obìnrin tó ń ta àgbọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà ń ka ṣéńjì tí ọmọ rẹ̀ ṣì kà láàárọ̀. Dẹ́rẹ́bà tó ń bọ̀ láti Sẹ̀mẹ̀ ń ro iye ibi tí wọ́n máa dá òun dúró kó tó dé Mílè Méjì. Ọ̀gá tó kọ "Ok" sí ọ, ó ṣeé ṣe kí ìgbọ̀nsẹ̀ ti máa gbọ̀n ọ́n. Ta ló ráyè tìrẹ?

Ẹ̀yin ọmọ Ògù tí ẹ ń ka ìwé yìí, ẹ mọ Zangbeto, ọlọ́dẹ òru wa, dáadáa. Ó ń yí bírí-bírí, koríko rẹ̀ ń fẹ́ eruku, ọmọdé ń sá wọ abẹ́ aṣọ ìyá wọn. Ìgbà tí wọ́n bá wá dojú rẹ̀ dé láàárín agbo, òfìfo ni wọ́n ń fi han ayé. Mi ò sọ awo o, ojúta gbangba ni wọ́n ti ń ṣe é, àwọn àlejò ń ya fọ́tò. Àmọ́ Zangbeto tiwa ń lé olè lóru. Èyí tí ń yí nínú orí rẹ, kí ló ń ṣọ́ fún ọ?

Kí ẹ má rò pé mo ń jókòó sórí òkè bá yín wí. Ọdún mẹ́fà ni mo fi mu tèmi. Níbi ìsìnkú àbúrò bàbá mi kan, èmi ni wọ́n fún ní ẹ̀rọ gbohùngbohùn pé kí n kí àwọn àgbà ilé. Mo kí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, mo fi oríkì kún un, inú mi dùn sí ara mi. Mo gbé ẹ̀rọ sílẹ̀ tán ni mo rí bàbá kan lórí àga iwájú, ẹni tó dàgbà jù nínú gbogbo ìdílé, mi ò dárúkọ rẹ̀ nínú ìkíni náà. Ó ń nu ẹnu rẹ̀ pẹ̀lú áńkáṣíìfù, kò wo ọ̀dọ̀ mi.

Láti ọjọ́ yẹn, bí mo bá ti gbórí lé ìrọ̀rí báyìí, ẹjọ́ bẹ̀rẹ̀. Mo ń ṣàlàyé pé oòrùn ló wọ̀ mí lójú. Mo ń ṣàlàyé pé ìwé tí wọ́n kọ orúkọ sí ló já. Bí mo bá rí bàbá náà lókèèrè, mo ti yà sí kọ̀rọ̀. Lóru ọjọ́ kan, ìyàwó mi jí, ó ní, "Ta lẹ̀ ń bá sọ̀rọ̀?" Mo ní mi ò sọ̀rọ̀. Ó ní, "Ẹnu yín ń mì. Ẹ jẹ́ kílé dákẹ́ ká ráyè sùn."

Ilẹ̀ mọ́, mo mú ìgò ọtí kan, mo lọ bá bàbá náà nílé, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja, mo ro gbogbo ẹjọ́ tí mo ti ń rò láti ọdún mẹ́fà. Bàbá wò mí títí. Ó ní, "Ìkíni wo? Mi ò rántí ìkíni kankan." Mo fẹ́ dìde. Ó ní kí n ṣì wà nílẹ̀. Ó ní inú bí òun sí mi lóòótọ́ lọ́jọ́ yẹn, pé itan ewúrẹ́ tó tọ́ sí òun, èmi ni mo gbé e fún ará ìta. Ẹ̀yin ènìyàn mi! Ọdún mẹ́fà ni mo fi ń jẹ́jọ́ ẹ̀ṣẹ̀ tí kò sẹ́ni tó fi kàn mí, ẹ̀ṣẹ̀ gan-an wà nínú ìkòkò ọbẹ̀, n kò tilẹ̀ rántí pé mo dá a. Mo bẹ̀ ẹ́ nítorí itan ewúrẹ́, ó rẹ́rìn-ín, ó ṣí ìgò ọtí. Nílé mi, oorun ni mo fi ìyókù ọjọ́ yẹn sùn.

Nítorí náà, bí o bá ń rò pé inú ọ̀gá rẹ kò dùn sí ọ, bi í. Ẹnu lo fi ń jẹun, o lè fi bèèrè ọ̀rọ̀. Bí ohun tí o mu bá sì ti wọ inú rẹ lọ, bì í, bí Lander ṣe bì í. Wá ẹnì kan tó ní etí àti ẹnu tó ń pa mọ́, kí o ro ó fún un bó ṣe rí, láìbu iyọ̀ sí i. O ó rí i pé ọ̀rọ̀ tó tóbi bí ọ̀bọ̀kún lóru, bí o bá gbé e sójú ọ̀sán, ìṣáwùrú ni. Ẹnì kan ni mo wí o. Má lọ gbé e sórí Facebook fún ẹgbẹ̀rún ènìyàn. Èébì ni, kì í ṣe ọbẹ̀ tí à ń pín kiri.

Àti ẹnu rẹ yẹn náà, mo fẹ́ bá a wí lọ́tọ̀. Orí tí àwọn baba wa ń kí láàárọ̀ kí wọ́n tó kí ẹlòmíì, orí tí wọ́n ń bọ, tí wọ́n ń gé obì fún, ìwọ jí, o kò tíì fọ ẹnu, o ti pè é ní orí burúkú. Ta ni yóò wá bá ọ kí i? Onígbá ní í pe igbá rẹ̀ ní pàǹkárá kí wọ́n tó bá a fi kólẹ̀. Mo fi ọdún tó ju ọgbọ̀n lọ kọ́ ọmọ ní ilé ìwé. Bí ọmọ bá gba mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá, mo fi bíírò pupa fa ẹyọ kan tó kùnà, mo kọ 9 sí i lókè, mo dá ìwé padà fún un. Ìwọ, nítorí ẹyọ kan yẹn, o ya gbogbo ìwé náà. Bí o bá pẹ́ dé ibi iṣẹ́, sọ pé, "Mo pẹ́ dé lónìí." Ó tán. Ta ló ní kí o fi "èmi ò wúlò láyé" kún un? Nínú ìdánwò wo ni wọ́n ti bi ọ́ ní ìyẹn?

Ṣé ẹ ń rẹ́rìn-ín, ẹ̀yin òbí? Ẹ dáwọ́ ẹ̀rín dúró, ó kàn yín. Ohùn tí ń bú ọmọ yẹn lóru, ẹ bi í pé ohùn ta ni. Bó bá sọ òtítọ́ fún yín, ohùn bàbá rẹ̀ ni, tàbí ti ìyá rẹ̀, tàbí ti tíṣà. Ọmọ da omi nù, ẹ ní orí rẹ̀ kò pé. Ọmọ ṣe ipò karùn-ún, ẹ bi í bóyá orí méjì ni ẹni tó ṣe ipò kìíní ní. Ẹ sọ ọ́, ẹ gbàgbé, ẹ lọ jẹun. Kò gbàgbé. Ó gbé e rù wọ ilé ọkọ, ó gbé e rù wọ ọ́fíìsì, nígbà tí ẹ bá kú tán, á máa bá yín sọ ọ́ fún ara rẹ̀. Èmi náà pe ọmọ ọdún mẹ́jọ kan ní olódo lójú gbogbo kíláàsì, nítorí pé kò lè ka orí kan tí a ti kà lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Mo rántí bó ṣe fi ọwọ́ bo ojú ewé náà, bí ẹni pé ìwé ni mo bú. Ó ti lé ní ogójì ọdún. Bí ọmọ yẹn bá ń ka ọ̀rọ̀ yìí, kó mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀, èmi ni mi ò ní sùúrù lọ́jọ́ náà. Ìyàwó mi ní kí n yọ ìlà yìí kúrò. Mi ò yọ ọ́.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mi ò gbọ́dọ̀ fi bú ẹnikẹ́ni. Ìrònú yàtọ̀ sí àìsàn. Bí o kò bá rí oorun sùn fún ọ̀sẹ̀ méjì, bí oúnjẹ bá di ewúro lẹ́nu rẹ, bí ohùn inú yẹn bá ti ń sọ fún ọ pé kí o má wà láyé mọ́, ìbáwí yìí kì í ṣe tìrẹ. Dìde, lọ sílé ìwòsàn lónìí, kí o sì mú ẹnì kan dání. Kí ẹnikẹ́ni má fi were bú ọ nítorí ẹ̀. Láti ọdún 1954 ni Dókítà Thomas Adéoyè Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta, ti bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní ilé ìwòsàn ọpọlọ tó wà ní Arò, ètò tí àwọn dókítà òkè òkun wá ń wò. Kò ti àwọn aláìsàn mọ́lé. Láàárín àwọn ará abúlé tó yí ilé ìwòsàn náà ká ló fi wọ́n sí, ẹbí kan a sì bá aláìsàn wá, a máa gbọ́únjẹ fún un, a máa mú un lọ gba ìtọ́jú. Lambo ti kàwé dé ìlú òyìnbó kó tó ṣe èyí, síbẹ̀ ọ̀dọ̀ ẹbí àti aládùúgbò ló dá aláìsàn padà sí. Ìwọ tí ara rẹ le, kí lò ń ṣe nínú yàrá tí o tì mọ́ ara rẹ pẹ̀lú fóònù?

Ẹ jẹ́ kí n padà sọ́dọ̀ Lander díẹ̀, mi ò tíì sọ èyí tó dùn jù nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ní oṣù kẹta ọdún 1830, ta ni wọ́n tún rí tó sọ̀ kalẹ̀ ní Àgbádárìgì? Òun kan náà, pẹ̀lú àbúrò rẹ̀, John. Wọ́n ń lọ wá ibi tí odò Ọya ti ń ṣàn wọ òkun, wọ́n sì rí i kí ọdún náà tó parí. Ìlú tí wọ́n ti fún un ní májèlé mu ló tún gbà wọlé. Ìwọ ti ṣi ọ̀rọ̀ sọ nínú ìpàdé kan ní ọdún 2019, láti ìgbà náà o kò gba àdúgbò yẹn kọjá mọ́, Ìbẹ̀rẹ́kò lò ń gbà yípo.

Ọmọ tó wá bá mi, mo mọ̀ pé ìwọ náà máa ka èyí, mo sì mọ̀ pé o ó máa wò ó bóyá inú ń bí mi sí ọ. Bẹ́ẹ̀ ni, inú ń bí mi. Ní ọjọ́ Sátidé, kí aago mẹ́sàn-án tó lù, wá bá mi ní èbúté. A ó jọ sọdá lọ sí Gbẹ̀rẹ̀fù. A ó rìn kọjá lára kànga yẹn, o lè bẹ̀ ẹ́ wò, o kò ní mu níbẹ̀. A ó rìn dé etí òkun. Mo ní ọ̀rẹ́ kan níbẹ̀ tó ń ta àgbọn, omi tìyẹn dùn. Fi fóònù sílé. Mú owó ọkọ̀ dání, nítorí mi ò ní san tìrẹ mọ́ tèmi.